Ṣé Òtítọ́ Lè Tan Ènìyàn Jẹ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpápánu Tí Wọ́n Ní Ó Dára Fún Ara

Nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ nǹkan fún ìdá mẹ́rin ọdún yìí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ohun tó lè bù kún iyì mi lójú yín, nítorí pé àṣìṣe tèmi fúnra mi ni. Ṣùgbọ́n ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọmọ kan bá ṣe tó kùnà, òun ni olùkọ́ ń kọ sójú pátákó kí gbogbo kíláàsì lè fi kọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ tèmi sójú pátákó.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà ìkórè kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ wa pinnu láti dín ìpékeré, kí a tà á ní ọjà ìkórè, kí owó rẹ̀ wọ àpò ẹgbẹ́. Àgbagbà tí kò tíì pọ́n, òróró àti iyọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ra láílọ́ọ̀nù tó mọ́ lóló. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin sì ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé pélébé aláwọ̀ mèremère tí a lè lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní, “Mọ́mì Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ bá wa kọ ohun tí a máa tẹ̀ sí i.” Inú mi dùn, nítorí ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì máa ń fẹ́ kí wọ́n ṣì nílò òun. Mo jókòó, mo mú bírò, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi ni. A kò fi ṣúgà sí i. Kò ní cholesterol. Mo wá fún un ní orúkọ lókè, mo pè é ní Ìpékeré Ìlera.

Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí ẹ bá ṣe fẹ́, ẹ kò ní rí irọ́ kan nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi ni lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò bu ṣúgà sí i. Cholesterol kò sì sí nínú rẹ̀.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ àgbà fún mi, wọ́n sì ti ní àtọ̀gbẹ ọjọ́ ti pẹ́. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ti jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ti jáwọ́ nínú búrẹ́dì aládùn, wọn kì í fi ṣúgà mu ògì mọ́. Nígbà tí wọ́n rí ohun tí mo kọ, wọ́n ra mẹ́fà. Nígbà tí a tún dín òmíràn, wọ́n ra méjìlá. Ó di oúnjẹ àárọ̀, ó di ìpápánu ọ̀sán, ó di ohun tí wọ́n ń jẹ lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wo tẹlifíṣàn. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, ṣúgà ara wọn sì ti lọ sókè débi pé nọ́ọ̀sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti pa oògùn tì. Wọn kò pa á tì o. Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé, wọn kò bínú sí mi. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, “Tíṣà, ìwọ lo kúkú kọ ọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ bá jẹ́ òótọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé ó ṣì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irọ́ ló pa?

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí n kò rò dáadáa nígbà tí mò ń kọ̀wé náà. Ṣúgà tí a bù sínú oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Àgbagbà tí kò pọ́n kún fún sítáàṣì, ara á sì fọ́ sítáàṣì yìí sí ṣúgà lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́ tán. Bí a bá wá gé e ní pẹlẹbẹ, tí a jù ú sínú òróró gbígbóná, omi inú rẹ̀ á gbẹ, òróró á sì wọlé rọ́pò omi. Ohun tó kù nínú láílọ́ọ̀nù á fúyẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n á wúwo nínú. Ẹ dán an wò: ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tí ẹ kò ní lè jẹ tán bí ẹ bá sè é, ẹ ó jẹ ẹ́ tán ní ìpékeré kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ti cholesterol yìí ló dójú tì mí jù. Ohun tó ti ara ẹran wá la ti ń bá cholesterol pàdé: ẹran, ẹyin, wàrà, bọ́tà, edé. Kò sí èyí tó tó kà nínú ohun tó ti ara igi tàbí ewéko wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní in rí, òróró ẹ̀pà kò ní in rí. Epo pupa pàápàá kò ní in, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú èyí tó lè mú kí cholesterol inú ẹ̀jẹ̀ wa fúnra wa pọ̀ sí i. Nítorí náà, kí n kọ ọ́ sára ìpékeré pé kò ní cholesterol, ó dà bí ẹni tó ń ta ewúrẹ́ tó ń kígbe lọ́jà pé ewúrẹ́ tòun kì í ṣán ènìyàn bí ejò. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ á máa wo ewúrẹ́ àwọn yòókù tìfuratìfura.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka Bíbélì yín dáadáa, ẹ ó rántí ìgbà tí Ábúráhámù ṣe àtìpó ní Gérárì. Ó sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé arábìnrin òun ni Sárà. Ọba Ábímélékì sì ránṣẹ́ mú Sárà lọ sí ààfin. Nígbà tí àṣírí tú, tí ọba bi í pé kí ló rí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, Ábúráhámù ní àlàyé lẹ́nu: ọmọ bàbá òun ni lóòótọ́, ìyá ni kò pa àwọn pọ̀. Ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 20. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìtàn yìí láìmọye ìgbà, n kò sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi àfìgbà tí mo dé láti ilé ìyá yẹn. Ohun tí Ábímélékì nílò láti mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé obìnrin yìí ní ọkọ? Ìyẹn gan-an ni Ábúráhámù gbé pamọ́. Òtítọ́ mìíràn ló sì fi bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá alátọ̀gbẹ yẹn nílò láti mọ̀ ni ohun tí ìpékeré máa ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú òtítọ́ mẹ́ta tí wọn kò béèrè. Mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ kí olùrà rò nígbà tí mo kọ ọ́. Bí n kò bá fẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi “ìlera” ṣe lókè ibẹ̀? Ibí yìí ni mo bá ìdáhùn mi: bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn purọ́, kí a bi í léèrè ohun tó ń retí pé kí ẹni tó gbọ́ ọ gbà gbọ́, kí a sì wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

Àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe tó dára ni láàárín àwọn tó fẹ́ ire fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn tó ń ṣe páálí bísíkíìtì kò mọ òwe náà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ síwájú páálí. Wọ́n á kọ ọ́ pé “a fi èso gidi ṣe é”, wọ́n á ya ọsàn àti máńgòrò tó tutù yọ̀yọ̀, wọ́n á dákẹ́. Àwa la máa fi ẹnu ara wa parí rẹ̀ pé “nítorí náà, ó dára fún ọmọ mi.” Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn kò sọ ìyẹn.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti wáyé. Ní 2009, wọ́n pe ilé iṣẹ́ Coca-Cola lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ohun mímu aládùn kan tí wọ́n ń pè ní vitaminwater. Fítámì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò kan rẹ̀ ní ṣúgà tó 33 gíráàmù, bíi ṣíbí ìmutíì mẹ́jọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́, ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà fi gbèjà rẹ̀ ni pé kò sí olùrà tó lárojinlẹ̀ tó lè ṣì í mú pé ohun mímu yẹn ń fúnni ní ìlera. Ẹ gbọ́ o! Lójú pópó, ìlera ni wọ́n ń polówó. Nílé ẹjọ́, ta ló ní kẹ́ ẹ gbà á gbọ́? Ní 2010, adájọ́ kọ̀ láti da gbogbo ẹjọ́ náà nù, ó sì padà parí sí àdéhùn. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi pẹ̀lú ti fẹ́ sọ fún ìyá yẹn pé, “Mọ́mì, èmi kò sọ pé alátọ̀gbẹ lè jẹ ẹ́.” Ó ti dé ẹnu mi. Ọlọ́run ló bá mi pa á mọ́.

Àwọn arábìnrin kan á sọ pé, ṣé ìjọba kò sí ni? Ìjọba wà. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ọ̀pọ̀ ìpápánu tí à ń rà, ó sì dára kí a máa wá a, nítorí ó ń sọ fún wa pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀, pé a lè mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí àwọn ìyá ń sọ pé “ó ní NAFDAC” bí ẹni ń sọ pé “dókítà ní kí n máa jẹ ẹ́.” Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà inú páálí ní nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú. Kódà, láti 2002 ni òfin Nàìjíríà ti ń béèrè pé kí wọ́n fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun, òróró àti ṣúgà. Ẹ gbọ́ mi yé: ṣúgà! Ètò rere ni ìjọba fi ṣe, nítorí ohun tí gbogbo ilé ń jẹ ni, ojú àwọn ọmọ aláìní sì ń ràn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó máa bu ṣíbí ṣúgà márùn-ún sẹ́nu ọmọ nítorí fítámì A? Bí a kò bá ní ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí bísíkíìtì tí wọ́n kọ “ó ní fítámì” sí lára fi ń dá wa lọ́kàn sókè?

Àwọn ìjọba tó lágbára ju tiwa lọ pàápàá ti ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1994 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin lórí oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ lè pè ní adára-fún-ìlera. Òfin náà wo ọ̀rá, ó wo iyọ̀, kò wo ṣúgà tí wọ́n fi kún un. Bó ṣe di pé oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọdé tó dùn bí àádùn lè gba orúkọ yẹn nìyẹn, tí èso almond tí a kò fi nǹkan kan sí kò sì lè gbà á nítorí ọ̀rá tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òfin tuntun jáde láti tún un ṣe. Ọgbọ̀n ọdún!

Iwájú páálí ti onísòwò ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ibi tí òfin ti ń fi agbára mú un sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń fi lẹ́tà wínníwínní kọ, tí ènìyàn á fi wá gíláàsì kó tó lè kà á. Mo ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní ìwé kíkà, n kò kọ́ ẹyọ ọmọ kan láti ka ẹ̀yìn páálí bísíkíìtì. Ẹ jẹ́ kí n san gbèsè náà díẹ̀ níhìn-ín.

Àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ náà, bí ó ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń tò ó; èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣíwájú. Bí ṣúgà bá wà ní ipò kejì, bísíkíìtì ọlọ́kà yẹn kì í ṣe ọlọ́kà mọ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí ṣúgà ní oríkì púpọ̀. Wọ́n lè pè é ní glucose syrup, dextrose, fructose tàbí invert syrup, wọ́n sì lè pè é ní oyin. Ẹni tó bá pín ṣúgà sí orúkọ mẹ́rin lè mú kí ìyẹ̀fun máa ṣíwájú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ bí a bá kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, wọ́n lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìyẹ̀fun dọ́gba. Oyin ń kọ́? Oyin dára, ó dùn, Bíbélì yìn ín, ṣùgbọ́n bíi mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni ṣúgà, ara alátọ̀gbẹ kò sì bìkítà pé oyin ló ti wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọ́n lè kọ ọ́ pé ṣúgà 6 gíráàmù péré ló wà níbẹ̀, kí ẹ wá rí i pé bísíkíìtì méjì ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ta ló ń jẹ bísíkíìtì méjì? Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti kọ iye tó wà nínú 100 gíráàmù, ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí kò ṣeé yí. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi ìpápánu ránṣẹ́ sí mi, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ní àwọ̀ mẹ́ta bíi iná ojú títì: pupa, olómi ọsàn, àti àwọ̀ ewé. Láti 2013 ni wọ́n ti fẹnu kò lórí ìlànà náà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan fún ilé iṣẹ́. Bí ṣúgà bá ju 22.5 gíráàmù lọ nínú 100, pupa. Bí kò bá ju 5 lọ, àwọ̀ ewé. Iyọ̀ tó bá ju 1.5 gíráàmù lọ, pupa ni. Mo ti kọ iye wọ̀nyí sínú ìwé kékeré tó wà nínú báàgì mi, mo sì ń fi wọ́n wọn àwọn ìpápánu tiwa níbí. Ẹ̀rù bà mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bísíkíìtì kan tí wọ́n ya ọkà àti ọmọdé aláyọ̀ sí níwájú, pupa ló gbà ní ṣúgà. Àwọn páálí mìíràn kì í kọ iyọ̀, sodium ni wọ́n ń kọ. Ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ẹ ó mọ iye iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó 5 gíráàmù lóòjọ́, èyí tó jẹ́ bíi ṣíbí ìmutíì kan, kí ṣúgà àfikún má sì ju 50 lọ fún ẹni tó ń jẹ oúnjẹ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Wọ́n ní yóò tún dára sí i bí kò bá ju 25 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbé ìwé yìí sítòsí.

Kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì. Gbogbo ohun tí mo kọ́ yín lókè yìí, mo ti mọ̀ ọ́n fún ọdún kan gbáko tí mo ṣì ń ra irú bísíkíìtì kan tí wọ́n ń pè ní digestive. Ó pọ́n díẹ̀ lójú, ó rí gbọ́gíjẹ́gí, orúkọ rẹ̀ ń dún bíi ti oògùn inú. Láti ayé àwọn bàbá bàbá wa ni orúkọ yẹn ti wá, nígbà tí àwọn òyìnbó gbà pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú un wú lè mú kí oúnjẹ dà nínú. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nítorí orúkọ náà, mo lè jẹ mẹ́fà pẹ̀lú tíì láìjẹ́ pé ọkàn mi dá mi lẹ́bi, nígbà tí n kò ní jẹ́ jẹ àkàrà òyìnbó mẹ́fà lójú ènìyàn. Nígbà náà ni mo rí i pé ọjà yìí ní ìdí kejì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tàn wá. Nígbà mìíràn, ìwé àṣẹ là ń rà lọ́wọ́ wọn. A fẹ́ jẹ adùn, a sì fẹ́ kí ẹnì kan fọwọ́ sí i pé kò burú. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, n kò ronú rí pé èmi ni olówó tó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a torí èyí gbé gbogbo ẹrù lé olùrà lórí. Ìyá tó bí mi lọ́mọ kò mọ̀wé. Àwòrán ni páálí fi ń bá irú wọn sọ̀rọ̀, àwòrán kì í sì í ní ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ìyá ṣì wà láàárín wa bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń ka Yorùbá geere ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sẹ́yìn páálí. Ìyàwó ilé tó ń kó ọmọ mẹ́ta lọ sílé ẹ̀kọ́ ní aago méje àárọ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti bísíkíìtì lọ, ṣé òun ni kó dúró kó máa ṣírò sodium? Bí ẹni tó ń tà bá mọ̀, tí ẹni tó ń rà kò sì lè mọ̀, ọrùn ẹni tó mọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. John Wesley tó dá ìjọ wa sílẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ òwò ṣeré. Nínú ìwàásù rẹ̀ lórí ìlò owó, èyí tó jáde ní 1760, ó gbà wá níyànjú láti jèrè, ṣùgbọ́n ó ní a kò gbọdọ̀ fi ìpalára ara ọmọnìkejì wa jèrè, ó sì dìídì bá àwọn tó ń ta ọtí líle wí. Ènìyàn tó tún kọ ìwé ìtọ́jú ara fún àwọn aláìní ní 1747 ni. Mo máa ń rò ó pé kí ni ìbá sọ bó bá rí Ìpékeré Ìlera lórí tábìlì ìkórè Ìjọ Elétò.

Ohun tó sì mú tèmi burú ju ti ilé iṣẹ́ ńlá lọ ni pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ìyá yẹn kì í gba páálí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́; wọ́n máa ń sọ pé ti òyìnbó ló mọ̀. Èdè tiwọn, ìjọ tiwọn, ọwọ́ Tíṣà tó kọ́ ọmọ wọn ni wọ́n gbà gbọ́. Ẹni tí a kò fọkàn tán kò lè tan wá jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbọ́ mi ní àgbọ́yé pé kí a padà sí ayé àtijọ́, pé gbogbo ohun tí kò sí nínú páálí ló dára. Púpọ̀ nínú ìpápánu ilé wa, inú òróró ló ti jáde wá, kúlíkúlí mìíràn sì ní iyọ̀ bí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀pà yíyan inú ìgò tí kò ní ju ẹ̀pà àti iyọ̀ díẹ̀ lọ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àgbàdo sísè, ọsàn, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ẹ̀pà, wọ́n wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí wọn lára.

Nígbà tí ìkórè ọdún kejì ń bọ̀, mo mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé. Mo ní kí a yí ìwé pélébé yẹn padà. Àríyànjiyàn ńlá ni. Akápò wa, tó jẹ́ ọlọ́jà tó gbọ́n, dìde, ó ní, “Tíṣà, ẹ dákun, ta ló ń kọ àbùkù ọjà rẹ̀ sára ọjà? Ẹ ti rí ẹlẹ́mu tó ń polówó pé ẹmu òun ti kan?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò sọ pé kí a kọ àbùkù; ohun tí ìyá wa kan nílò láti mọ̀ ní ọdún tó kọjá tí a kò sọ fún wọn ni kí a kọ. Ẹlòmíràn ní bí a bá kọ ọ́, àwọn tí ara wọn dá kò ní rà á mọ́, kí ni ẹgbẹ́ máa fi kún owó òrùlé? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì rí ìdáhùn tó tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn títí di òní. A dìbò. Ohùn mẹ́ta péré la fi borí.

Ohun tí a tẹ̀ nìyí: Ìpékeré. Àgbagbà, òróró, iyọ̀. A dín in nínú òróró púpọ̀. Bí o bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, bi wá kí o tó rà á.

Ìyá mi yẹn wá sí ìdí tábìlì wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé láílọ́ọ̀nù kan sókè, wọ́n mú gíláàsì wọn jáde, wọ́n kà á lákàtán. Wọ́n bi mí léèrè, mo sì dá wọn lóhùn. Wọ́n ra ẹyọ kan, wọ́n já a níbẹ̀, wọ́n ka mẹ́rin sọ́wọ́ ara wọn, wọ́n pín ìyókù fún àwọn ọmọ tó dúró yí wọn ká. Nígbà tí ọjà tú, ó ku 21 nílẹ̀ tí a kò tà. Akápò kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò, ó wò mí, ó sì fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀.